Báwo ni owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí olóyè kan dá sílẹ̀ ṣe lè máa lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí owó náà wà nínú àkáǹtì olóyè fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni irú ètò yìí ti ń dàrú: bí olówó bá ti kú, báǹkì á ti àkáǹtì pa títí ẹbí yóò fi gba ìwé àṣẹ ogún ní kóòtù, àwọn ọmọ á sì ní ogún bàbá àwọn ni.

Ní Nàìjíríà, ẹ forúkọ ètò náà sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àjọ alágbàátọ́ (Incorporated Trustees, àwọn tó ń tọ́jú owó ètò náà), lábẹ́ Apá F òfin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, CAMA 2020. Alágbàátọ́ méjì tó. Àmọ́ márùn-ún ló dáa jù, kí méjì nínú wọn má sì jẹ́ ẹbí olóyè rárá. Ẹ ó polongo rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, ẹni tó bá fẹ́ ta kò ó sì ní ọjọ́ 28 láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tún forúkọ sílẹ̀ ní SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń dènà fífọ owó tí kò mọ́, torí báǹkì á béèrè rẹ̀. Ìjábọ̀ ọdọọdún ń lọ sí CAC láàárín 30 oṣù kẹfà sí 31 oṣù kejìlá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ojú owó, ìyẹn owó tí olóyè fi dá ètò náà sílẹ̀; èlé rẹ̀ ni kí ẹ máa ná. Bí ₦20 mílíọ̀nù bá mú èlé ₦2 mílíọ̀nù wá lọ́dún, ẹ ná ₦1.2 mílíọ̀nù, kí ẹ dá ìyókù padà sórí ojú owó, nítorí owó ilé ìwé kì í dúró sójú kan.