Èsì: Ṣé kí ọmọ mi há gbogbo ìtumọ̀ "run" sórí?

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Ìyá Tóbi. Ẹ ní ọmọ yín túmọ̀ "She runs a shop at Akẹ̀sán" sí pé obìnrin náà ń sáré nínú ṣọ́ọ̀bù, tíṣà sì fún un ní òdo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó há nǹkan kan sórí. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn lé ní 600!

"Jẹ" tiwa ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ fún un. Ọmọ Ọ̀yọ́ wo ló máa gbọ́ pé ẹnì kan jẹ oyè, tó máa rò pé ó ki oyè bọ ẹnu? A ń jẹ iyán, a ń jẹ gbèsè, a ń jẹ ìyà. Ohun tó tẹ̀lé "jẹ" la fi ń dá a mọ̀, ẹnikẹ́ni ò kọ́ wa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "run". Tó bá bá ṣọ́ọ̀bù rìn, àbójútó ni. Tó bá jẹ́ imú, ikun ló ń dà. Tó bá jẹ́ ìbò, onítọ̀hún ń du ipò ni.

"Run out of" (kí nǹkan tán) àti "run into" (kéèyàn ṣèèṣì pàdé ẹnì kan) ló máa ń da àwọn ọmọ láàmú jù. Àwọn yẹn ni kó kọ sínú ìwé, kó fi gbólóhùn tirẹ̀ sí i.