Ọmọ mi ò fẹ́ wọ ìró àti bùbá mọ́

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin òbí. Ọ̀rọ̀ àwọn ìbejì mi ni mo gbé wá. Obìnrin ni àwọn méjèèjì, ọmọ ọdún 12, Manchester níbí la bí wọn sí, ojú kan náà ni wọ́n ní. Láti kékeré, àǹkóò ni mò ń rán fún wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, à ń múra ìsọmọlórúkọ, Táyé jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní òun ò wọ ìró àti bùbá mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo jágbe mọ́ ọn, ó kọ̀ jálẹ̀. Kẹ́hìndé wọ tiẹ̀, Táyé wọ jíǹsì lọ. Ojú tì mí. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ó ń ṣe mí bíi pé èmi ìyá rẹ̀ ló bọ́ jù sílẹ̀. Ṣé kí n fipá mú un ni, àbí kí n fi í sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹ má bínú, ìbéèrè ni mo máa kọ́kọ́ bi yín: ṣé ìró àti bùbá ni Táyé kọ̀, àbí àǹkóò?

Lọ́dọ̀ tiwa, àǹkóò kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ lásán. Àwọn tó ń ṣòkú, àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, aṣọ kan náà ni wọ́n fi ń fi hàn pé ọ̀kan ni àwọn. Ti ìbejì tún le sí i: ta ló máa ra ti Táyé tí kò ní ra ti Kẹ́hìndé? Ìfẹ́ lẹ fi rán an, mo mọ̀. Àmọ́ ẹ wo ọ̀sẹ̀ ọmọ yẹn. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, yunifọ́ọ̀mù ló wà lọ́rùn rẹ̀. Tó bá di Sátidé, àǹkóò. Ojú rẹ̀ ò sì yàtọ̀ sí ti Kẹ́hìndé. Ibo ni Táyé fúnra rẹ̀ fẹ́ gbà yọjú? Èmi ò rò pé ẹ̀yin ló bọ́ jù sílẹ̀.

Èmi náà ti fipá mú ọmọ rí. Àìná mi jẹ́ ọmọ ọdún 13 nígbà náà, mo ní dandan ni kó wọ léèsì wa lọ síbi àríyá kan níbí ní Calgary. Ó wọ̀ ọ́. Ó wá wọ kóòtù òtútù lé e, ó fa síìpù rẹ̀ dé àgbọ̀n, bẹ́ẹ̀ inú gbọ̀ngàn náà móoru. Mo rí òógùn lórí ètè rẹ̀. Kò bọ́ kóòtù yẹn títí a fi délé. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fipá mú un mọ́.

Nígbà tó yá, ó ń wá nǹkan nínú àpótí mi, ó fa àdìrẹ ẹlẹ́kọ ìyá mi yọ, èyí tó ti gbó tó ti fẹ́lẹ́. Ìbàdàndùn ni iṣẹ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, òpó kí nìwọ̀nyí?" Mo ní òpó Gbọ̀ngàn Mápó ni, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929 lórí òkè n'Ìbàdàn. Mo sọ fún un pé ìyẹ́ adìẹ ni ìyá mi ń tì bọ ẹ̀kọ láfún tó fi ya gbogbo rẹ̀, pé ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní wọ ibẹ̀. Ó ka àwọn òpó náà níkọ̀ọ̀kan. Ó dé ibì kan tí ìlà ti wọ́, ó ní, "Ọwọ́ Màmá Àgbà gbọ̀n níbí." Kò dá aṣọ náà padà fún mi mọ́.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Léèsì tuntun ni mo ti ń kó fún un láti ọjọ́ yìí, àkísà ló ń wá. Orí jíǹsì ló máa ń lọ́ ọ mọ́. Ọwọ́ máa ń yún mi láti tún un ró fún un, ṣùgbọ́n mo pa ẹnu mọ́.

Ẹ rántí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ó lọ kàwé ní England ní 1919, ó padà dé ní 1922, gáùn ló ń wọ̀. Ìgbà tó bọ́ sáàárín àwọn ìyá ọlọ́jà Abẹ́òkúta ló pa gáùn tì, tó ń ró ìró bíi tiwọn. Àgbàlagbà ni, òun fúnra rẹ̀ ló yàn án.

Nítorí náà, ẹ má fipá mú un, ẹ má sì pa aṣọ ilé tì. Bí ẹ bá tún fẹ́ rán nǹkan, ẹ tẹ́ àǹkárá bíi mẹ́ta sílẹ̀, kí Táyé mú tiẹ̀, kó sọ bó ṣe fẹ́ kí wọ́n rán an, kódà kó jẹ́ ṣòkòtò. Bí aṣọ ìyá yín kan bá wà nínú àpótí, ẹ mú un jáde, ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi Kẹ́hìndé náà. Ó wọ tiẹ̀ láìjiyàn, ṣùgbọ́n kò jọ pé ẹnikẹ́ni ti bi í bóyá ó fẹ́.

Ìyá Àìná