Lincoln Continental 1963 àti 1964: ilẹ̀kùn wọn ò bára mu

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè bóyá ilẹ̀kùn mọ́tò Lincoln Continental 1963 tí wọ́n rí rà á bá 1964 wọn mu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Ojú mi ti rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí.

1964 lèmi náà ń lò, níbí ní Houston. Ẹnìkan ta gíláàsì ilẹ̀kùn iwájú fún mi ní dọ́là 260, ó ní láti 1961 dé 1969, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Mo gbà á gbọ́, torí téèyàn bá wo mọ́tò náà lókèèrè, ìrísí tí Elwood Engel yà fún ti 1961 náà ló máa rí: ara gbọọrọ, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ń ṣí sẹ́yìn. Lọ́jọ́ Sátidé tí mo tú ilẹ̀kùn, mo gbé gíláàsì náà sójú ihò rẹ̀. Àárín rẹ̀ yọ síta bí ikùn igbá, ihò tó yẹ kó wọ̀ sì tọ́ gbọnrangandan. Mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún, kò wọlé. Ẹni tó tà á ò dá kọ́bọ̀ padà.

Gíláàsì tó tẹ̀ ni wọ́n fi sí 1961 sí 1963. 1964 ni wọ́n sọ ọ́ di pẹlẹbẹ. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fi ínǹṣì 3 kún àárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, láti 123 sí 126, kí ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó sẹ́yìn lè ráyè. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn 1963 ò lè dí ojú ti 1964 láéláé.

Ẹ́ńjìnnì ò le: oníínǹṣì kúbíìkì 430 náà ni títí dé 1965, kó tó di 462 ní 1966. Àmọ́ ẹ ṣọ́ bíréèkì o. 1965 ni disc, bíréèkì aláwo pẹlẹbẹ, dé sí táyà iwájú. Drum, bíréèkì tó rí bí ìlù, ló wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tiwa, mọ́tò náà sì wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ. Tí omi òjò bá wọ drum yẹn, kì í tètè mú.

Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ka nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò náà (VIN) fún yín. 3Y ni 1963 fi ń bẹ̀rẹ̀, 4Y ni ti 1964. Y yẹn ni Wixom ní Michigan, níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ṣùgbọ́n ara ilẹ̀kùn awakọ̀ ni awo nọ́ńbà náà wà, bí wọ́n bá ti pààrọ̀ ilẹ̀kùn, irọ́ ló máa pa. Téèpù ìwọ̀n lèmi fọkàn tán: kí wọ́n fà á láti àárín táyà iwájú dé àárín ti ẹ̀yìn, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Bó bá ti jẹ́ ínǹṣì 123, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ní 1963, òun náà ń wá a.