Kí ló dé tí ológbò Abyssinian mi ń ká ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè láti Ìjẹ̀bú-Òde, bó ṣe ń fẹsẹ̀ mẹ́ta tọ díẹ̀, tó na ẹsẹ̀ kẹrin, tó sì ń rìn lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan, ó jọ eegun orúnkún tó ń yẹ̀. Eegun kékeré iwájú orúnkún ló ń fò kúrò nínú kòtò rẹ̀, ó sì sábà máa ń yà sí apá inú. Àjogúnbá ni lọ́pọ̀ ìgbà. Abyssinian àti Devon Rex wà lára àwọn ìran tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́.

Ìpele 1 dé 4 ló ní. Ní ìpele 1, tí wọ́n bá fọwọ́ tì í kúrò, á padà fúnra rẹ̀. Ti ìpele 4 kì í padà rárá. Tí kò bá tiro púpọ̀, ẹ má jẹ́ kó sanra jù. Tó bá le, iṣẹ́ abẹ ni: wọ́n á gbẹ́ kòtò náà jìn sí i.

Ẹ gbé e lọ síbi ìwòsàn ẹran FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun èèyàn. Parasitamọ́ọ̀lù? Ẹ má dán an wò o, ó ń pa ológbò. Ẹ má sì jẹ́ kí ológbò náà bímọ, torí àrùn yìí lè ran àwọn ọmọ rẹ̀ bí ogún.