Ta Ló Sọ fún Un Pé Ọ̀dọ̀ Wọn Lo Ń Gbé?

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 29 ni mí. Ó di ọdún kẹrin báyìí tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti jọ gba ilé oníyàrá méjì. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó ilé, èmi ni mò ń san án. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ló gbéyàwó, ìyàwó sì kó wọlé. Láti ìgbà náà, ilé ti yí mọ́ mi lójú. Ó ti kó gbogbo ìkòkò mi gun orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọlọ tí màmá wa fi sílẹ̀ kí wọ́n tó kú, ó ti gbé e sí ìdí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn ilé. Orúkọ mi gán-án ló ń pè mọ́ mi lórí, bẹ́ẹ̀ mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, èmi sì ni ọkọ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ ń jẹun alẹ́. Báyìí, wọ́n ń gbé oúnjẹ wọ yàrá ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kó bá mi dín ariwo tẹlifíṣọ̀n kù, ó ní, “Níwọ̀n ìgbà tó o bá ṣì wà lọ́dọ̀ wa, wàá fara mọ́ ọn ni.” Ẹ̀gbọ́n mi jókòó níbẹ̀, kò fọhùn. Ṣé kí n gbé ọ̀rọ̀ náà sí WhatsApp ẹbí ni?
Ọmọ-Ilé, Ìbàdàn

Ọmọ-Ilé, àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Màmá yín tó lọ, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí mi ò lè gbé ojú kúrò lára rẹ̀: “lọ́dọ̀ wa.” Ẹni tó ń san ìdá kan nínú mẹ́ta owó ilé kì í ṣe ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ta ló wá sọ fún ọmọbìnrin yìí pé ọ̀dọ̀ wọn lo wà? Ohun tí mo fura sí ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún un, àmọ́ kò sẹ́ni tó là á yé e pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó ń fẹ́ ìyàwó lọ́wọ́, ó lè máa tì í lójú láti sọ pé àbúrò òun obìnrin ń bá òun dá owó ilé. Ìyàwó dé, ó bá ọmọ kan ní yàrá kejì, ó gbà pé ẹ̀gbọ́n ló ń gbọ́ bùkátà àbúrò. Wá fi ojú yẹn wo ìkòkò tó kó gun òkè, àti ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n yẹn. Mi ò ní ó dáa o. Ọ̀rọ̀ tó sọ sí ọ yẹn dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó tí kò fọhùn yẹn ló jẹ̀bi jù lójú tèmi.

Torí náà, ẹ̀gbọ́n rẹ ni kó o kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìyàwó. Má sọ ọ́ nínú ilé. Ní kó mú ọ lọ jẹ àmàlà lọ́sàn-án Sátidé, ẹ̀yin méjèèjì péré. Bi í léèrè pé: “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti sọ fún ìyàwó yín pé a jọ ń san owó ilé ni?” Lẹ́yìn náà, kó o dákẹ́, kó o jẹ́ kó dáhùn. Fún un ní ọ̀sẹ̀ kan láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nílé. Má ṣe lọ na rìsíìtì sí ìyàwó lójú, torí ìtìjú ọkọ rẹ̀ lo máa dà lé e lórí, kò sì ní gbàgbé. Kó o tó dìde nídìí àmàlà yẹn, sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé àárò oúnjẹ alẹ́ yín ń sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ìyẹn ló wà nísàlẹ̀ gbogbo ẹjọ́ tó o kọ sí mi.

Ní ti ọ̀rọ̀ ọkọ. Òótọ́ ni, ọkọ rẹ̀ ni ọ́. Nínú agbo ilé àtijọ́, ọjọ́ tí wọ́n bu omi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n bí i sínú ilé náà, gbogbo ọmọ tó bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n. Kì í pe orúkọ wọn, ó ń sọ wọ́n ní Akọ̀wé, Ìdílẹ̀kẹ̀, Ẹyinjú-ẹgẹ́. Ṣùgbọ́n nínú agbo ilé yẹn, ìyàwó kọ̀ọ̀kan ló ní yàrá tirẹ̀ àti ààrò tirẹ̀, ìyálé sì wà tó ń kọ́ ọ ní ohun tí a ń ṣe àti ohun tí a kì í fọwọ́ kàn. Ẹ̀yin ẹ jọ ń lo sítóòfù gáàsì kan ṣoṣo. Màmá yín ò sí níbẹ̀ láti gbà á wọlé. Ta ló kọ́ ìyàwó ní àṣà ilé yín? Ìwọ nìkan ló kù tó lè ṣe é.

Nígbà tí èmi wọ ilé ọkọ, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo fọ gbogbo ìkòkò ilé. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ọwọ́ mi ń wá ohun tó máa ṣe. Mo rí ìkòkò amọ̀ kan tí ewé kún inú rẹ̀, mo rò pé ó ti bà jẹ́, mo dà á nù, mo fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́. Àbúrò ọkọ mi obìnrin wọlé, ó wo inú ìkòkò, ó wò mí. Ó ní, “Ìyàwó, àgbo màámi lo dà nù un. Wá, jẹ́ n mú ẹ lọ síbi tá a ti ń já ewé ẹ̀.” A jọ já ewé dongoyárò àti efinrin láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìdílẹ̀kẹ̀ ni mò ń pè é títí dòní, kò sì sẹ́ni tó fi ipá gbà á lẹ́nu mi.

WhatsApp ẹbí? Rárá o. A sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rẹ́rìn-ín padà, àwọn àǹtí yín á ṣì máa fi ọ̀rọ̀ náà bú ìyàwó.

Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ti la ọ̀rọ̀ yé e, kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá sí káàdì iná, gáàsì àti omi. Kí ẹ sì sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí owó ilé bá tún pé. Mi ò ní tàn ọ́: ọmọ lè dé, yàrá kejì náà ni wọ́n máa nílò. Bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó ilé tìrẹ láti ìsinsìnyí, kó lè jẹ́ pé ìwọ lo yan ọjọ́ tí wàá lọ.

Ọlọ ni o ò ní dúró de ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Lọ gbé e wálé lónìí, kó o fọ̀ ọ́, kó o sì pe ìyàwó yín wá síbẹ̀. Jẹ́ kó fọwọ́ kan ibi tó ti jẹ wọnú láàárín yẹn, sọ fún un pé ọwọ́ màmá yín ló lọ ibẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bu ata díẹ̀ sí i, kó o gbé ọmọ ọlọ lé e lọ́wọ́.