Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n yọ eyín míì lẹ́nu màmá

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ, pé àgbọ̀n ọ̀tún wọn máa ń ṣàdédé dùn wọ́n á tún lọ, pé dókítà eyín ti yọ ọ̀kan ó tún fẹ́ yọ òmíì, ẹ wá ń béèrè bóyá scan MRI, èyí tó ń fi mágnẹ́ẹ̀tì ya inú ara, ni kẹ́ ẹ ṣe àbí CT, èyí tó ń lo x-ray, àti bóyá dandan ni contrast, oògùn tí wọ́n ń gún sí èèyàn lára kí àwòrán lè hàn dáadáa. Màá dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dá dókítà eyín yẹn dúró ná jàre. Ojú èmi náà rí màbo lórí irú ìrora iṣan ojú yìí, trigeminal neuralgia ni wọ́n ń pè é, Sábó níbí ní Ìkòròdú ni mo ti ń taṣọ, àwọn tá a jọ ń tajà á sọ fún yín.

Tèmi náà apá ọ̀tún ni, láti ìsàlẹ̀ etí wá sí ètè. Á dákẹ́ jẹ́ẹ́, tí mo bá ní kí n fi pákó kan eyín báyìí, wàì! bí ìgbà tí wáyà NEPA bá gbé èèyàn, kò ní pẹ́ á lọ, tí mo bá tún la ẹnu sọ̀rọ̀ á tún padà dé. Mi ò lè bọ́jú. Gèlè ò gbọdọ̀ kàn mí lẹ́tìí. Tí mo bá gun ọ̀kadà lọ sí Ẹbúté, ìborùn ni mo máa ń fi di ẹ̀rẹ̀kẹ́ torí atẹ́gùn lásán á ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kọ́sítọ́mà á ní èló ni léèsì, ìka ni mo fi ń dá a lóhùn, wọ́n á ní mò ń gbéraga. Tí mo bá wá sùn lálẹ́ kì í sábà jí mi, ìyẹn làwọn ará ilé fi ń sọ pé àṣejù ni mò ń ṣe. Panadol ò ràn án, Ibuprofen ò ràn án, àdàlù tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá ní kẹ́míìsì ò ràn án.

Dókítà eyín tèmi, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ya x-ray, kò rí ihò, kò rí nǹkan kan, ó sì fa eyín yọ. Mo padà lọ pé ó ṣì ń ta mí, ó ní á jẹ́ pé èkejì ẹ̀ ni, ó tún fa ìyẹn náà, ó tún ń rẹ́rìn-ín pé màmá, ẹ ti lá súìtì jù. Kí leyín ṣe fún un! Iṣan ló ń dùn mí. Trigeminal ni wọ́n ń pè é, ìkarùn-ún nínú iṣan méjìlá tó ń ti ọpọlọ jáde ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, òun ló ń jẹ́ ká mọ̀ ọ́n lára tí nǹkan bá kàn wá lójú. Ẹ̀ka mẹ́ta ló ní, ọ̀kan lọ sí iwájú orí àti ẹyinjú, ọ̀kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eyín òkè, ọ̀kan sí àgbọ̀n àti eyín ìsàlẹ̀, èyí ìsàlẹ̀ yìí náà la fi ń jẹ nǹkan lẹ́nu. Lọ́pọ̀ ìgbà, òpó ẹ̀jẹ̀ kan ló lọ fara ti iṣan yẹn níbi tó ti ń jáde lára ọpọlọ, á máa lù ú títí awọ tó bò ó á fi bó. Kí wọ́n yọ gbogbo eyín ẹnu tán, òpó yẹn ò kúrò níbẹ̀.

MRI ni o. CT dáa fún egungun, kò lè fi iṣan yẹn hàn dáadáa. Ibi tó ká mi lára jù nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á. Dókítà tó kọ fọ́ọ̀mù scan tèmi, "headache" nìkan ló kọ síbẹ̀, kò kọ ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn mí, kò kọ iṣan kankan. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì látàárọ̀, akọ̀wé ojú wíńdò ní fáìlì mi ò sí, fáìlì sì rèé lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ níbi tó ti ń jẹ gúgúrú. Àwọn tó ń ya scan, ohun tí wọ́n rí lórí fọ́ọ̀mù ni wọ́n ṣe, wọ́n ya ọpọlọ lásán, wọ́n gé e nípọn nípọn, èsì jáde: normal. Dókítà ní kò sí nǹkan kan, ìrònú ni, kí n máa gbàdúrà. Owó ọjà ni mo fi san án o! Ìgbà tí mo wá dọ́dọ̀ dókítà iṣan, ọ̀dọ́kùnrin kékeré kan báyìí, ó kàn bi mí pé kí ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó ní kí n fi ìka kan tọ́ ọ̀nà tó máa ń gbà, ó ti mọ̀ kó tó wo scan rárá. Àlàyé ẹnu aláìsàn ni wọ́n fi ń mọ trigeminal neuralgia, scan wà láti wá ohun tó fà á ni, ó sì lè jáde ní normal kí àìsàn ṣì wà níbẹ̀. Òun ló kọ ọ́ pé kí wọ́n wo trigeminal apá ọ̀tún, kí wọ́n gé e tín-ín-rín, CISS tàbí FIESTA, orúkọ tí ẹ̀rọ kálukú ń pè é nìyẹn. Kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú dókítà, ẹ ka fọ́ọ̀mù yẹn fúnra yín, tó bá fẹ́ bínú kó bínú.

Aládùúgbò mi kan ní ọfà ni wọ́n ta mí, ó gbé àgbo gbígbóná wá pé kí n fi máa jó ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ pé ẹnu màmá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyẹn tún yàtọ̀, iṣan keje ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ stroke, ẹ sáré gbé wọn lọ ọsibítù.

Ẹ̀n-ẹ́n, contrast. Wọ́n máa ń fi í kún un kí wọ́n lè rí i bóyá kókó kan ló ń tẹ iṣan, tàbí multiple sclerosis, àìsàn tó ń ba awọ tó bo àwọn iṣan inú ọpọlọ jẹ́. Tí kíndìnrín wọn bá ti ní wàhálà rí, tàbí irin wà nínú ara wọn, ẹ sọ ọ́ ṣáájú. Tí apá kan ojú wọn bá ti kú tipiri, tàbí etí ẹ̀gbẹ́ yẹn ò gbọ́ràn mọ́, ẹ má fi scan yẹn falẹ̀.

Oògùn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ni carbamazepine, Tegretol. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbé e ga, èmi 100mg láàárọ̀ 100mg lálẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, mo ṣì ń lò ó. Ó ràn án gan-an, ṣùgbọ́n òòyì! Owó tí mò ń kà lọ́wọ́ ń di méjì méjì lójú mi. Ó máa ń fa iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Tí oògùn ò bá ká a mọ́, iṣẹ́ abẹ wà lẹ́yìn etí, wọ́n á ki nǹkan rírọ̀ sáàárín òpó ẹ̀jẹ̀ àti iṣan, èmi ò tíì débẹ̀. Kí màmá má ṣàdédé dá oògùn yẹn dúró torí ara ti yá, àfi tí nǹkan bá sú sí wọn lára, kí wọ́n dá a dúró lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì dé ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ tún ka gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò fún dókítà, pàápàá warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, torí Tegretol máa ń dín agbára ẹ̀ kù.