Oṣù kan ní Ọsirélíà àti New Zealand: ohun tí mo máa yọ kúrò nínú ètò yín

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, arábìnrin mi. Ẹ ní ẹ̀yin àti ọkọ yín ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, pé ẹ fẹ́ yá fáànù tó ní ibùsùn àti ìdáná nínú, kí ẹ wà á láti Sydney dé Perth, kí ẹ wá lọ yí erékùṣù méjèèjì New Zealand po, kí ẹ sì fi ọjọ́ mélòó kan sinmi ní Fíjì kí ẹ tó padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ béèrè pé ṣé ó ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe fún ẹni tí kò bá fẹ́ rí ju ọ̀dà ojú títì lọ. Èmi àti ìyàwó mi ti wa ọkọ̀ gba púpọ̀ nínú ọ̀nà tí ẹ dárúkọ wọ̀nyí, ìdí sì nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ láì fepo bọyọ̀ pé kí ẹ yọ tó ìdajì ètò náà kúrò.

Bí ọ̀nà ṣe jìn tó ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí òun ni máàpù kì í jẹ́ kéèyàn rí. Láti Sydney dé Perth fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 4,000. Abala kan ṣoṣo nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Eyre Highway, tó gba orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Nullarbor kọjá láàárín ìlú Norseman ní ìhà Perth àti ìlú Ceduna ní ìhà Adelaide, jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 1,200, èyí tó ju ọ̀nà Èkó sí Kánò lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ sí Kánò yóò kọjá ní Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti Jẹ́bà, yóò rí olóúnjẹ, yóò rí fọkanáísà, yóò sì rí ẹni tí yóò bá a ti ọkọ̀ bí ó bá kú sọ́nà. Lórí Nullarbor, ilé epo kan tó ní yàrá mélòó kan àti ibi ìjẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹ óò máa bá pàdé, kò sì sí ìlú kankan lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà mìíràn òmíràn kì í jìn sí i, nígbà mìíràn ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba kìlómítà: láti Norseman dé Balladonia jẹ́ nǹkan bí 190, láti Balladonia dé Caiguna sì jẹ́ nǹkan bí 180. Nínú ti ìkejì yìí ni ọ̀nà náà ti nà tààrà fún kìlómítà 146.6 láìní kọ́nà kan ṣoṣo. Ẹni tí kò bá tíì wakọ̀ níbẹ̀ lè rò pé ọ̀nà tó tọ́ ni ó rọrùn jù. Òun gan-an ni oorun ti ń pa awakọ̀.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ni ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yìí, n óò wọ bàlúù Qantas tó ń fò láti Lọ́ńdọ̀nù sí Perth láìdúró sọ́nà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, n óò yá ọkọ̀ ní Perth, n óò sì kọjú sí ìlà oòrùn dé Adelaide, kìlómítà 2,700 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. N óò fi ọjọ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ṣe é. N óò dá ọkọ̀ padà ní Adelaide, n óò wọ bàlúù lọ sí Christchurch, n óò sì fi gbogbo ìyókù àkókò náà jin erékùṣù gúúsù New Zealand. Bí ẹ bá ń lọ sí ìlà oòrùn, ẹ̀yìn yín ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń wà, nígbà tí àwọn tó ń lọ sí Perth máa ń wakọ̀ wọ inú ìtànṣán rẹ̀ lọ ní àsìkò gan-an tí ẹranko ń jáde. Ẹ sùn ní Perth fún alẹ́ méjì kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, nítorí nǹkan bí wákàtí mẹ́tàdínlógún ni bàlúù yẹn ń lò lófuurufú, ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò sì yẹ ní ìdí ọkọ̀.

Sydney, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi erékùṣù àríwá New Zealand sílẹ̀ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àwọn tó ti rin orí òkè Tongariro kò ní dùn sí mi. Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò àti èèyàn kọjá láti Wellington sí Picton nìkan ń gba nǹkan bí wákàtí mẹ́ta ààbọ̀, bí ẹ bá sì fi ìdúró ṣáájú rẹ̀ kún un, ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn. Fíjì kò ní sá lọ.

Àsìkò tí ẹ óò lọ ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn ni òtútù ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù kìíní dára fún òkè New Zealand, ṣùgbọ́n ooru Nullarbor lè kọjá ìwọ̀n 40 lójú ọ̀sán, kò sì sí igi tí ẹ óò sá sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹja àbùùbùtán ní Head of Bight, lẹ́bàá ọ̀nà Nullarbor, níbi tí ilẹ̀ ti já lulẹ̀ sínú òkun, láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá ni wọ́n máa ń wá, ìgbà yẹn sì ni yìnyín ń bo ọ̀nà Milford ní erékùṣù gúúsù New Zealand tí òfin fi ní kí ọkọ̀ máa gbé ṣéènì táyà dání. Ẹ ò lè ní méjèèjì. Ìmọ̀ràn mi ni àárín oṣù kẹta sí ìparí oṣù kẹrin, kí ẹ sì gbàgbé àbùùbùtán.

Ní orí Nullarbor, òfin tí ẹ kò gbọ́dọ̀ rú ni pé kí ọkọ̀ yín ti dúró kí oòrùn tó wọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń yáni ní ọkọ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ lóru lẹ́yìn ìlú, bí ohunkóhun bá sì ṣẹlẹ̀, adójútòfò kò ní san kọ́bọ̀. Kangarúù ló fà á. Awakọ̀ tírélà kan tí a jọ ń jẹun ní ilé epo kan sọ fún wa pé bí a bá rí ọ̀kan tó fò kọjá, kí a má ṣe tẹ iná mọ́ ọkọ̀, kí a tẹ bíréèkì, nítorí ọ̀kan kì í dá kọjá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ọ̀kan gba iwájú wa kọjá, ìyàwó mi tó wà ní ìdí ọkọ̀ dúró, àwọn méjì mìíràn sì tún tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ náà, a kì í ṣí ọkọ̀ kí oòrùn tó gòkè.

Àwọn tírélà wọ̀nyí náà fẹ́ ìṣọ́ra. Wọ́n máa ń so àpótí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ra wọn. Ní apá àríwá orílẹ̀-èdè náà, òmíràn gùn tó mítà 53. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀ níwájú yín, ẹ di sítíárìn mú dáadáa, nítorí atẹ́gùn tó ń tì bọ̀ máa ń gbá fáànù gíga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ẹ bá fẹ́ yà á sílẹ̀, ẹ rí i pé iwájú mọ́ kedere dé ibi tí ojú lè rí i dé. Bí ó bá sì jẹ́ òun ló fẹ́ yà yín, ẹ máa lọ ní ìwọ̀n ìsáré kan náà, kí ẹ má sáré sí i, kí ẹ má sì dúró lójijì.

Gbogbo ilé epo tí ẹ bá dé ni kí ẹ ti ra epo, bí ó ti wù kí ó wọ́n tó, kódà bí epo tó wà nínú ọkọ̀ bá ṣì ju ìdajì lọ. Omi mímu, láti Norseman ni kí ẹ ti gbé e tó, nítorí omi tó ṣeé mu ṣọ̀wọ́n ní àwọn ilé epo wọ̀nyẹn, wọn kì í sì í jẹ́ kí àlejò pọn ún. Fóònù kì í ṣiṣẹ́ ní ibi púpọ̀. Nínú àwọn ilé iṣẹ́ fóònù wọn, Telstra ni ó ń gbìyànjú jù. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, ẹ má fi í sílẹ̀ rìn, ọkọ̀ lèèyàn máa ń rí láti òkèèrè. Ẹ óò rí ibi tí wọ́n kun ìlà funfun sí ojú títì bí ti pápákọ̀ òfuurufú; ibẹ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú àwọn dókítà, Royal Flying Doctor Service, ti ń balẹ̀ gbé aláìsàn. Ní agbègbè Eucla, aago ilé epo yóò yàtọ̀ sí ti fóònù yín, nítorí àárín aago ti Perth àti ti Adelaide ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ti Perth pẹ̀lú ìṣẹ́jú 45. Ẹ má rò pé aago ló bàjẹ́. Kí ẹ tó wọ Ceduna, àwọn òṣìṣẹ́ yóò yẹ inú ọkọ̀ wò, wọn yóò sì gba èso àti ewébẹ̀ tútù lọ́wọ́ yín nítorí kòkòrò tó ń ba èso jẹ́. Ẹ yáa fi ata àti tòmátì yín se ọbẹ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀.

New Zealand yàtọ̀ pátápátá. Níbẹ̀, ọ̀nà kò jìn, ṣùgbọ́n ó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ojú ọjọ́ sì lè yí padà láàárín wákàtí kan. Láti ìlú Te Anau dé Milford Sound, apá òkun tó wọ àárín àwọn òkè gíga, jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 120, ẹni tó sì mọ ọ̀nà Nullarbor yóò rò pé wákàtí kan lé díẹ̀ ni. Ẹ fi tó wákàtí méjì ààbọ̀ sílẹ̀ fún un. Ọ̀nà náà gba inú òkè kọjá ní Homer Tunnel, ihò tó gùn tó kìlómítà kan lé díẹ̀, tí wọ́n ṣí fún ọkọ̀ ní 1954, tó sì dà gẹ̀rẹ́ sí ìhà Milford débi pé jíà kékeré ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́. Òjò tó ń rọ̀ ní Milford lọ́dún kan tó mílímítà 6,800. Nígbà tí a dé Te Anau, wọ́n ti ti ọ̀nà pa nítorí òjò, a sì ti sanwó ọkọ̀ ojú omi. Nítorí pé alẹ́ méjì la ti ṣètò láti sùn níbẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ gbé wa sí ọjọ́ kejì. Bí òjò bá dá, omi a máa ya láti orí gbogbo àpáta tó yí etí omi náà ká, ẹni tó dé ní ọjọ́ tí oòrùn ti ń ràn fún ọ̀sẹ̀ kan kò rí èyí tí a rí. Àwọn kan tí a bá ní ibùdó kan náà kò ní ọjọ́ tó ṣẹ́kù, Queenstown ni wọ́n padà sí.

Ẹ fi epo kún ọkọ̀ ní Te Anau. Ẹ máa ṣọ́ ẹyẹ kea, irú odídẹrẹ́ kan tó ń gbé orí òkè, nítorí ó máa ń fi ẹnu já rọ́bà ara fèrèsé ọkọ̀. Ẹ má fún un ní oúnjẹ. Ẹ ra òróró tó ń lé kòkòrò pẹ̀lú, nítorí eṣinṣin kéékèèké tó wà ní Milford ń mu ẹ̀jẹ̀ ju ẹ̀fọn lọ.

Lórí ọ̀pọ̀ afárá ní ìhà ìwọ̀ oòrùn erékùṣù náà, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló lè kọjá lẹ́ẹ̀kan. Bí ọfà tó dojú kọ ibi tí ẹ ń lọ bá jẹ́ pupa tó sì kéré, ẹ̀yin ni kí ẹ dúró. Bí ọkọ̀ bá sì ti tò sẹ́yìn yín, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n kọjá.

Ẹ béèrè bóyá ẹ lè sùn sínú fáànù níbikíbi lọ́fẹ̀ẹ́. Rárá. Òfin tí wọ́n ṣe ní New Zealand ní 2023 ní kí fáànù tí yóò máa sùn sí ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilé ìgbẹ́ tí wọ́n kàn mọ́ inú rẹ̀ gbọn-in. Èyí tí wọ́n ń gbé kiri kò tó mọ́. Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó yá yín lọ́kọ̀, ẹ ní kó fi ìwé ẹ̀rí aláwọ̀ ewé hàn yín. Èmi fẹ́ràn ibùdó ti Department of Conservation, àjọ ìjọba tó ń tọ́jú igbó àti òkè wọn, tí kì í wọ́n, tó sì máa ń wà létí adágún. Bí ẹ bá fẹ́ gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn rìn lórí òkè, Kepler Track ni kí ẹ yàn, kìlómítà 60, nítorí ibi tí ẹ bá gbé ọkọ̀ sí ni ẹ óò tún jáde sí. Routeburn kúrú sí i, àmọ́ láti ìpẹ̀kun kan sí èkejì lójú títì ju 300 kìlómítà lọ. Ilé ìsùn orí òkè ní àwọn ọ̀nà méjèèjì tètè máa ń kún, ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú ni kí ẹ ti gbà á.

Ní pápákọ̀ òfuurufú, gbogbo oúnjẹ tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ kọ sílẹ̀ fún wọn: gàrí, èlùbọ́, irú, ẹ̀gúsí, ẹja gbígbẹ. Ẹni tó kọ ọ́ kò jẹ̀bi bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà á. Ẹni tó fi pamọ́ ní New Zealand yóò san 400 dọ́là wọn lójú ẹsẹ̀. Oyin kò gbọ́dọ̀ wọlé rárá. Ẹ fọ bàtà òkè àti àgọ́ yín títí kò fi ní sí erùpẹ̀ lára wọn.

Ẹ ní páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni ẹ̀yin méjèèjì ṣì ní. Ìwé ìgbélùú ti Gẹ̀ẹ́sì kò yọ yín kúrò nínú gbígba físà orílẹ̀-èdè méjèèjì, nítorí náà ẹ má san owó bàlúù tí wọn kì í dá padà títí ẹ ó fi gbà á. Bí ọ̀nà yín bá tún gba Ọsirélíà kọjá nígbà tí ẹ bá ń darí bọ̀, ẹ rí i pé físà yẹn gbà yín láàyè láti wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ní ti ìwakọ̀, apá òsì ni wọ́n ń gbà ní méjèèjì, bíi ti Lọ́ńdọ̀nù, ìwé àṣẹ tí ọkọ yín gbà níbẹ̀ yóò sì ṣiṣẹ́. Ẹ ya fídíò gbogbo ara ọkọ̀, dígí, táyà àti abẹ́ rẹ̀, níwájú ẹni tó ń fà á lé yín lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ kan gba owó dígí tó ti sán tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ wa, fídíò ni a sì fi gbà á padà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ lẹ́tà. Ẹ ka ohun tí adójútòfò yọ kúrò pẹ̀lú: púpọ̀ wọn kì í san owó ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn gbá ya, atẹ́gùn New Zealand sì ń gbá ilẹ̀kùn ya dáadáa. Owó ìdúró tí wọ́n máa dì mọ́lẹ̀ kì í kéré, orí káàdì kírédíìtì tó ní orúkọ awakọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń fẹ́ kó wà, kì í ṣe káàdì tí ẹ fi ń gba owó ní báńkì, nítorí náà kí ọkọ yín bá báńkì rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbéra.